Pípèsè Iná Mànàmáná Láti Ara Oòrùn Nínú Ilé: Ìlànà, Ìṣirò àti Ewu Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Ọn

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí onílé ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àwọn èlò tí ń sọ ìtànṣán oòrùn di iná mànàmáná ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó sọ ìdí tí oòrùn fi yẹ ju afẹ́fẹ́ àti omi lọ fún ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí. Ó ṣe àpèjúwe iṣẹ́ èlò kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìṣirò hàn bí a ti ń wọn ohun tí ìdílé kan nílò. Lẹ́yìn èyí, ó tọ́ka sí àwọn ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ náà àti ibi tí ó yẹ kí onílé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná. Ìparí rẹ̀ dá lórí èdè: bí àìsí ọ̀rọ̀ tí ó dájú fún àwọn òṣùwọ̀n iná ṣe ń kó àdánù bá àwọn tí ń ra èlò wọ̀nyí, àti ohun tí àwọn olùkọ́ èdè lè ṣe sí i.

1. Ìfáárà
Mànàmáná ni ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ lójú ọ̀run nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Nígbà tí iná tuntun tí ń gba inú wáyà kọjá dé ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ yìí náà ni àwọn ènìyàn fún un, wọ́n pè é ní iná mànàmáná. Èrò kan náà ni ó hàn nínú ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 fún olú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó ni àrá ni a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iná.

Ìlú Èkó ti ní iná mànàmáná láti 1896. Orúkọ àwọn àjọ tí ń bójú tó o ti yí padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. ECN ni a dá sílẹ̀ ní 1950, NEPA ni ó gba ipò rẹ̀ ní 1972, PHCN sì dé ní 2005. Ní 2013, ìjọba fi iṣẹ́ pípín iná fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, lẹ́nu àwọn ará ìlú, Nẹ́pà ṣì ni Nẹ́pà ń jẹ́, òkùnkùn tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ orúkọ náà kò sì tíì kúrò. Ní ọdún 2024, kì í ṣe ìgbà kan, kì í ṣe ìgbà méjì, ni gbogbo ẹ̀rọ ìpèsè iná orílẹ̀-èdè Nàìjíríà dákú lẹ́ẹ̀kan náà.

Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé sá tọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye owó tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ ti ga ju agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ. Èyí tí ó burú jù ni afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde láti ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun bí a bá gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nítorí náà, ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kì í ṣe ìbéèrè afẹ́. Ǹjẹ́ ìdílé tí kò lówó púpọ̀ lè pèsè iná fún ara rẹ̀ láìra epo? Kí ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí owó rẹ̀ má baà ṣòfò, kí ẹ̀mí rẹ̀ má sì bọ́ sínú ewu?

2. Afẹ́fẹ́, Omi àti Oòrùn
Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ tí onílé lè gbà pèsè iná tí kì í tán: afẹ́fẹ́, omi tí ń ṣàn, àti oòrùn.

Ẹ̀rí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní Áfíríkà nípa afẹ́fẹ́ ni ti William Kamkwamba, ọmọ abúlé kan ní agbègbè Kasungu ní orílẹ̀-èdè Màláwì. Ìyàn ńlá mú ní Màláwì ní 2001 sí 2002, àwọn òbí rẹ̀ kò sì rí owó ilé ẹ̀kọ́ san mọ́. Ọmọdékùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìkàwé kékeré tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwòrán ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́, abẹ̀bẹ̀ katakata àti páìpù oníke jọ. Ó yọ́ páìpù náà lójú iná, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì fi ṣe apá ẹ̀rọ. Dáínámò kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń pèsè iná. Ní 2002, gílóòbù tàn ní ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ará abúlé tí wọ́n ti ń sọ pé orí rẹ̀ dàrú wá ń wá fi iná rẹ̀ gba agbára sí fóònù wọn.

Ìtàn yìí wúni lórí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣi onílé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lọ́nà. Òfin afẹ́fẹ́ le. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí a lè rí nínú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré náà bá sì dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ni yóò kù. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní àárín ilẹ̀ Yorùbá, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ lágbára fún ìgbà pípẹ́, igi àti ilé sì ń dí i lọ́wọ́. Ní ti omi, ó dára gan-an fún ẹni tí odò tí kì í gbẹ ń ṣàn láti orí òkè wá sí ẹ̀bá ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ni kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí a bá kó gbogbo oòrùn òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ jọ, tí a wọ̀n ọ́n bí ẹni pé ọ̀sán gangan ni gbogbo rẹ̀, iye tí ilẹ̀ Yorùbá ń rí lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 4 sí 5. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí òjò àti kùrukùru pọ̀, ó máa ń dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkà yìí ni gbogbo ìṣirò tí ó wà nísàlẹ̀ dúró lé lórí.

3. Bí Ìtànṣán Ṣe Ń Di Iná
Ní 1839, Edmond Becquerel, ará ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná ṣàn láti ara àwọn ohun kan. Ó di 1954 kí àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, tó fi sílíkọ̀nù ṣe èyí tí ó wúlò. Nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ni tiwọn ń sọ di iná. Èyí tí ó wà lọ́jà lónìí ń sọ nǹkan bí ìdá 20 di iná.

Ara yanrìn ni a ti ń yọ sílíkọ̀nù. A máa ń gé e pẹlẹbẹ bí ewé, a ó sì po èròjà díẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Èyí yóò mú kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìdá kíńkíńní tí ń gbé iná, pọ̀ lé ní apá kan, kí apá kejì sì ní àyè òfìfo. Bí ìtànṣán bá bà á, ó ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jí. Bí a bá fi wáyà so apá méjèèjì pọ̀, wọn yóò gba inú wáyà náà kọjá, ìṣàn yìí sì ni iná. Ohunkóhun kò jó, ohunkóhun kò yí, èéfín kò sì jáde.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò lè pèsè ju nǹkan bí ìdajì fólítì lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń so 36 pọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú pánẹ́ẹ̀lì tí ó wà fún bátìrì fólítì 12, tí yóò fi pèsè nǹkan bíi fólítì 18 nígbà tí oòrùn bá mú. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ṣe tò dà bí àwọn ọmọdé tí ó tò láti odò dé ilé, tí wọ́n ń na igbá omi sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá sùn, iṣẹ́ gbogbo wọn dúró. Nítorí náà, òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan tí ó bo igun pánẹ́ẹ̀lì lè gba púpọ̀ nínú iná rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ta sí gbogbo ojú rẹ̀ yòókù.

4. Àwọn Èlò àti Iṣẹ́ Wọn
Ẹni tí ó bá ti gbe omi òjò láti orí páànù rí ti mọ ìlànà yìí. Pánẹ́ẹ̀lì ni páànù tí ń gba òjò. Bátìrì ni àmù tí omi ń dúró sí. Kọntiróólà ni ẹni tí ó dúró ti àmù, tí kò jẹ́ kí omi kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ó gbẹ dé ìsàlẹ̀. Ínfátà ni ó ń sọ iná bátìrì, tí ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, di irú iná Nẹ́pà tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí fáànù àti tẹlifíṣàn lè lò ó.

Àkàwé omi yìí kan náà ni ó ń tú àwọn òṣùwọ̀n mẹ́ta tí ń da ènìyàn láàmú. Fólítì ń wọn ìtì, bí omi inú táńkì tí ó ga ṣe ń ti ara rẹ̀ jáde tó. Áńpíà ń wọn ìṣàn, bí omi tí ń gba ẹnu páìpù kọjá ṣe pọ̀ tó. Bí a bá fi fólítì sọ áńpíà di púpọ̀, wáàtì ni a ó rí, èyí tí ó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Bí a bá tún fi iye wákàtí sọ wáàtì di púpọ̀, a ó rí wáàtì-wákàtí, ìyẹn àpapọ̀ iṣẹ́ tí a ṣe. Wáàtì dà bí eré tí ẹsẹ̀ ń sá. Wáàtì-wákàtí dà bí ọ̀nà tí ó rìn.

5. Ìṣirò: Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́
Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a kọ́kọ́ ra èlò, kí a tó wá béèrè ohun tí ó lè gbé. Ohun tí ilé ń lò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ìdílé kan nìyí:

Gílóòbù LED 5, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 250
Fáànù 1, wáàtì 55, fún wákàtí 8: 440
Tẹlifíṣàn 1, wáàtì 60, fún wákàtí 4: 240
Fóònù 2, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 3: 60
Àpapọ̀: wáàtì-wákàtí 990 lójúmọ́

(i) Pánẹ́ẹ̀lì: Kì í ṣe gbogbo ohun tí pánẹ́ẹ̀lì bá pèsè ni ó ń dé ìdí gílóòbù. Ooru ń dín in kù, eruku ń dín in kù, wáyà, bátìrì àti ínfátà pẹ̀lú ń jẹ tiwọn. Bí a bá ka ohun tí ó kù sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, 990 tí a fi 0.7 pín yóò di nǹkan bí 1,414. Bí a bá fi wákàtí oòrùn 4 pín in, a ó rí wáàtì 354. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 200 yóò tó o. Bí ó bá di oṣù Kẹjọ, tí oòrùn dín sí wákàtí 3, 840 péré ni yóò dé ìdí èlò. Ìdílé náà yóò ní láti fi nǹkan bíi wákàtí 3 dín lílo fáànù kù. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, àsìkò ni.

(ii) Bátìrì: Bí a bá fi fólítì 12 pín 990, a ó rí áńpíà-wákàtí 82.5. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kì í fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí a tó tún un kún. Ìdajì yìí sọ ọ́ di 165. Bí a bá fi àdánù inú ínfátà kún un, 200 ni ó yẹ kí a rà. Bátìrì lítíọ̀mù fólítì 12.8, áńpíà-wákàtí 100, ní 1,280 nínú, a sì lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 1,024. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, pàápàá bí a bá lo díẹ̀ nínú iná náà ní ọ̀sán. Owó rẹ̀ ga níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ju olójé lọ dáadáa. Bátìrì ọkọ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe é láti fi agbára púpọ̀ jí ẹ́ńjìnnì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, kì í ṣe láti gbé fáànù mọ́jú. Ẹni tí ó bá fi pamọ́ owó kò ní pẹ́ tún òmíràn rà.

(iii) Kọntiróólà àti ínfátà: Wáàtì 400 tí a fi fólítì 12 pín jẹ́ áńpíà 33, nítorí náà kọntiróólà áńpíà 40 ni ó yẹ. Bí gbogbo èlò bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì 185 ni wọn yóò gbà. Ínfátà wáàtì 500 yóò gbé wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Ìṣirò yìí tún ń sọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 tí a fi lọ aṣọ fún wákàtí kan péré yóò jẹ ju ohun tí gbogbo ilé náà ń lò lójúmọ́ lọ. Fíríìjì pẹ̀lú máa ń béèrè ìlọ́po agbára rẹ̀ ní ìgbà tí ó bá fẹ́ gbéra. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí ó má ṣe gbé wọn lé ohun tí a rà fún gílóòbù àti fáànù. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kígbe pé sólà ti tan òun jẹ, ibí yìí gan-an ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

6. Títo Èlò Pọ̀
Ìhà àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì ni ilẹ̀ Yorùbá wà, nítorí náà ìhà gúúsù ni ó yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Kí ó dagun díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa wẹ̀ ẹ́. Kí àyè wà láàárín rẹ̀ àti páànù kí atẹ́gùn lè máa tù ú lára, nítorí ooru ń dín iná rẹ̀ kù. Ní àkókò ọyẹ́, kí a máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀ kí ó tó gbóná.

Kí bátìrì, kọntiróólà àti ínfátà súnmọ́ ara wọn. Bí fólítì bá kéré, áńpíà á pọ̀. Ínfátà wáàtì 500 lè fa áńpíà tí ó ju 40 lọ láti inú bátìrì fólítì 12, bẹ́ẹ̀ wáyà tín-ín-rín yóò gbóná títí yóò fi yọ́. Wáyà tí ó nípọn, bíi mìlímítà onígun mẹ́rin 16, tí kò gùn ju mítà kan tàbí méjì lọ, ni ó yẹ láàárín bátìrì àti ínfátà. Fíúùsì nǹkan bí áńpíà 60 gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá orí bátìrì. Nígbà tí a bá fẹ́ so wọ́n, bátìrì ni a ó kọ́kọ́ so mọ́ kọntiróólà, kí a tó so pánẹ́ẹ̀lì. Bí a bá fẹ́ tú wọn, pánẹ́ẹ̀lì ni yóò kọ́kọ́ kúrò.

7. Àwọn Ewu
Àwọn kan gbà pé nítorí pé fólítì 12 kì í gbọn ènìyàn, kò léwu. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Bí sípánà bá já bọ́ sórí bátìrì, tí ó kan orí rẹ̀ méjèèjì, ó lè pọ́n bí irin inú ìléru, kí ó sì dáná sun ilé. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì fi rọ́bà wé ọwọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Bátìrì olójé máa ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn tí ó lè bú gbàmù sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń kún. Kí a má gbé e sí yàrá tí a ń sùn, kí a má sì ṣáná tàbí mu sìgá nítòsí rẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá ta sí ara tàbí ojú, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì kò ní súìsì. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn, iná wà lẹ́nu wáyà rẹ̀. Nítorí náà, aṣọ tí ó nípọn ni kí a fi bò ó kí a tó fọwọ́ kàn án. Iná tí ń jáde láti ara ínfátà jẹ́ fólítì 220 sí 230. Bí ti Nẹ́pà ṣe ń pani ni tirẹ̀ náà ń pani. Ní ibí yìí ni iṣẹ́ onílé ti parí. Síso ínfátà mọ́ wáyà inú ilé jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ fi ṣéńjófà sí i, tí kò ní jẹ́ kí iná méjèèjì pàdé láé. Bí kò bá sí i, iná ilé lè gba ẹ̀yìn jáde sí orí òpó, kí ó sì pa òṣìṣẹ́ tí ń tún wáyà ṣe ní àdúgbò, tí ó gbà pé kò sí iná níbẹ̀.

Ewu kan kù tí ó máa ń dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Májèlé ni òjé inú ògbólógbòó bátìrì, ó sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a má fọ́ ọ, kí a má da omi inú rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí a má sì tà á fún ẹni tí ń yọ́ òjé láàárín ilé.

Ní ti òfin, ìkọ̀sẹ̀ kò sí. Ẹni tí ohun tí ó ń pèsè kò ju kìlówáàtì 1,000 lọ fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ìpèsè iná ní Nàìjíríà, pánẹ́ẹ̀lì orí ilé kò sì dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ Èdè
Ní ọjà, “agbára” ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń lò fún fólítì, áńpíà, wáàtì àti wáàtì-wákàtí. Oníṣòwò á ní, “Bátìrì yìí lágbára,” oníbàárà á sì sanwó. Bí iná bá wá tán ní agogo mẹ́wàá alẹ́, oníṣòwò kò parọ́, oníbàárà kò sì gbọ́ àgbọ́yé. Ìtì ni ọ̀kan ń sọ, àpapọ̀ iṣẹ́ sì ni èkejì ń rò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “iná” ṣe ń jẹ́ èyí tí ń jó, èyí tí ń mọ́lẹ̀ àti èyí tí ń gba wáyà kọjá. Bí oníṣẹ́ bá ní “iná wà níbẹ̀”, ẹ̀mí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìtumọ̀ tí ó bá mú.

Kò yẹ kí a sọ pé Yorùbá kò gba sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ wọn kò sì lábùkù. Kamkwamba pàápàá kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ìwé rẹ̀ dáadáa. Àwòrán ni ó fi ń tọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mélòó ni yóò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀?

Àbá tí iṣẹ́ yìí dá ni pé kí a fi àwọn orúkọ tí gbogbo ayé ń lò fún òṣùwọ̀n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, nítorí òun ni a kọ sí ara èlò, ṣùgbọ́n kí a máa fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan pàtó tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìtì fún ohun tí fólítì ń wọ̀n, ìṣàn fún ti áńpíà, ìyáṣẹ́ fún ti wáàtì, àkójọ iṣẹ́ fún ti wáàtì-wákàtí. Ẹni tí ó bá lè béèrè pé, “Àkójọ iṣẹ́ mélòó ni ó wà nínú bátìrì yìí?” kò ní rọrùn láti rẹ́ jẹ.

9. Àgbálọgbábọ̀
Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìdílé tí ó bá kọ ohun tí ó ń lò sílẹ̀, tí ó sì ra èlò ní ìwọ̀n rẹ̀, lè rí iná tan láti ara oòrùn. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé ohun tí ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni àìṣírò, wáyà tín-ín-rín, bátìrì tí kò yẹ àti ìgboyà níbi tí ó yẹ kí a pe oníṣẹ́. Yorùbá ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò kọ́ ni í fi iná jó ara rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni mú ẹ̀ka èdè Yorùbá àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ìwé ìléwọ́ kékeré ní Yorùbá fún àwọn onílé àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì fi ìṣirò irú èyí tí ó wà lókè sí i. Ìwé náà yóò ṣe gílóòbù méjì ní àǹfààní: èyí tí ó wà lókè àjà, àti èyí tí ó wà nínú orí.